Láti Burnage dé Heaton Park: bí tíkẹ́ẹ̀tì Oasis ṣe di ohun tí ọmọ mẹ̀kúnnù ń wò lókèèrè

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí òjò ò rọ̀ ní Manchester, àwọn ará ibẹ̀ gan-an á máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìlú òwú ni ìlú náà láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ aṣọ ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, kí bọ́ọ̀lù àti orin tó wá gba ipò ọ̀hún. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ Manchester United àti Manchester City. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kẹjọ, ọdún 2024, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló gba ẹnu àwọn ará ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ owó ni. Wọ́n ń béèrè pé èló ló yẹ kí èèyàn san kó tó lè gbọ́ orin àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń wí ni Noel àti Liam Gallagher, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Oasis. Odidi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún làwọn méjèèjì fi bára wọn ṣọ̀tá. Ìjà tí wọ́n jà nílùú Paris ní oṣù kẹjọ, ọdún 2009, ló tú ẹgbẹ́ náà ká, èébú tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Nígbà tó wá di ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, tí wọ́n kéde pé ìjà ti parí, pé àwọn máa jọ kọrin lọ́dún 2025, inú àwọn ará Manchester dùn bí ìgbà tí ọmọ ẹni ti ìrìn-àjò dé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ìdùnnú ọ̀hún lò, ló bá di ìbínú.

Níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí inú fi bí wọn tó bẹ́ẹ̀, gúúsù ìlú náà ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, ní àdúgbò Burnage. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Piccadilly, ìyẹn ibùdókọ̀ ńlá àárín ìlú, kì í pẹ́ rárá tó fi máa débẹ̀. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ilé bíríkì pupa tó jọra bí ìbejì ló tò lọ bẹẹrẹ, ọgbà kékeré wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun tó lè sọ fún àlejò pé ibi tí olówó ti jáde nìyí.

Ará Ireland ni bàbá àti ìyá àwọn Gallagher, tí wọ́n wá wá iṣẹ́ sí Manchester. Ilé kánsù ni Peggy, ìyá wọn, ti tọ́ wọn dàgbà. Noel ṣe iṣẹ́ kọ́lékọ́lé, lẹ́yìn náà ló di ọmọ iṣẹ́ tó ń bá ẹgbẹ́ olórin mìíràn, Inspiral Carpets, tún gìtá ṣe, tó ń ru ẹrù wọn kiri. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Burnage tó ń jẹ́ Sifters, àwo orin àlòkù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Oasis dárúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà nínú orin wọn kan, Shakermaker, láti ìgbà náà sì làwọn èèyàn ti ń wá láti ibi tó jìnnà, tí wọ́n ń yàwòrán níwájú rẹ̀ bí ẹni tó dé ojúbọ.

Láti Burnage, ẹsẹ̀ á gbé èèyàn padà sí àárín ìlú, sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Little Peter Street. Ilé orin kékeré kan wà níbẹ̀ nígbà kan tó ń jẹ́ Boardwalk. Ibẹ̀ ni Oasis ti kọ́kọ́ dúró níwájú èrò ní oṣù kẹjọ, ọdún 1991, níbi tí ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ti ń wò wọ́n. Ẹni tó bá ní owó ọtí lọ́wọ́ lè débẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ilé náà ò tíì wó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé orin mọ́. Òun nìkan sì kọ́ nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àjọ tó ń jà fún irú àwọn ilé orin kéékèèké bẹ́ẹ̀, Music Venue Trust, sọ pé 125 nínú wọn ni kò gbé orin kalẹ̀ mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti agbègbè rẹ̀ lọ́dún 2023 nìkan. Bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn ibi tí ọmọ aláìlórúkọ ti ń kọ́ iṣẹ́, níbo ni Oasis mìíràn yóò ti jáde?

Ọdún 1996, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ tìkẹ́ẹ̀tì

Lẹ́yìn tí Creation Records gbà wọ́n sílé lọ́dún 1993, iná orin wọn ràn. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1994, èkejì tẹ̀lé e lọ́dún 1995, kò sì sí ilé ọtí tàbí ọkọ̀ tí wọn ò ti ń gbọ́ wọn. Ní ọjọ́ 27 àti 28, oṣù kẹrin, ọdún 1996, wọ́n kọrin ní Maine Road, pápá tí Manchester City ń lò nígbà náà. Ọmọlẹ́yìn City ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà látọmọdé, nítorí náà ilé ni wọ́n padà sí. Moss Side ni pápá ọ̀hún wà, àdúgbò táwọn ará Caribbean àtàwọn adúláwọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà ti fìdí kalẹ̀ sí ní Manchester tipẹ́tipẹ́. City kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2003, wọ́n sì wó pápá náà. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, ilé gbígbé ló máa rí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996 kan náà ni wọ́n lọ sí Knebworth, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Òru méjì ni wọ́n fi kọrin, èèyàn bíi 250,000 ló sì wò wọ́n lápapọ̀. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló wá tíkẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n tà á ni pọ́n-ùn 22 àti ààbọ̀. Ká tiẹ̀ fi gbogbo ọ̀wọ́n gógó ọjà láti ìgbà náà kún un, kò lè tó 60 pọ́n-ùn lónìí. Ẹni tó mọ̀ pé mílíọ̀nù méjì èèyàn ló fẹ́ ẹrù òun, tí kò sì tìtorí ẹ̀ gbé e gun orí òrùlé, ṣé kì í ṣe pé aráyé nígbà náà ní ojú àánú díẹ̀?

Báńkì Burnage

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Manchester kì í yé sọ. Ọdún 2009 ni, oṣù díẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà tó tú ká. Heaton Park ni wọ́n ti ń kọrin, ìyẹn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà ní àríwá ìlú. Wọn ò tíì kọrin jìnnà lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀. Iná kú, ohùn kú, èrò ń pariwo. Nígbà tí iná padà dé, Liam gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ọ̀fẹ́ ni eré alẹ́ ọjọ́ náà, kí kálukú lọ gba owó rẹ̀ padà.

Àwọn kan rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn béèrè owó wọn lóòótọ́. Ẹgbẹ́ náà kọ ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́, orúkọ tó sì wà lára ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀hún ni Báńkì Burnage, pẹ̀lú àmì ọwọ́ Noel àti Liam. Ó ṣeé gba owó ní báńkì gidi o. Síbẹ̀ àwọn kan ò jẹ́ gbé e lọ, wọ́n fi pamọ́ sílé bí ohun ìrántí. Ohun tí wọ́n fi ń rántí ni pé ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ Burnage mọ̀ pé owó òógùn ojú ni owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, ni títa tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tò síwájú ilé ìtàjà mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìlà wà. Àwọn tó gbé eré náà kalẹ̀ sọ pé èèyàn tó ju mílíọ̀nù 10 lọ láti orílẹ̀-èdè 158 ló tò, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ju bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 lọ. Àwọn èèyàn jókòó ti fóònù àti kọ̀ǹpútà fún wákàtí mélòó kan, wọ́n ń wo nọ́ńbà wọn tó ń sún bí ìgbín. Nígbà tí ó wá kàn wọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró tí wọ́n ti gbọ́ pé nǹkan bíi 148 pọ́n-ùn ni, 355 pọ́n-ùn ni wọ́n bá lójú ẹ̀rọ. Ìdúró ni o, kì í ṣe ìjókòó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì fún wọn láti pinnu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́dún 2024, owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ní Ìlú Ọba ni pọ́n-ùn 11 àti kọ́bọ̀ 44. Ẹni tó ń gba irú owó yẹn máa ṣiṣẹ́ wákàtí 31 kó tó rí 355 pọ́n-ùn, kó má sì jẹun, kó má wọkọ̀, kó má san owó orí. Lọ́dún 1999, nígbà tí òfin owó-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́ta àti kọ́bọ̀ 60 ni wákàtí kan. Nígbà yẹn, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì Knebworth. Ohun tí èèyàn ń fi iṣẹ́ ọjọ́ kan rà tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí.

Ariwo ta. Ẹgbẹ́ Oasis gbé ọ̀rọ̀ jáde lóṣù kẹsàn-án pé àwọn ò mọ̀ pé wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́nà bẹ́ẹ̀, pé àwọn agbátẹrù àti alábòójútó àwọn làwọn fi ọ̀rọ̀ ìtàjà sílẹ̀ fún. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ni oko kì í sọ pé òun ò mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu òun.

Kí ló fa ọ̀wọ́n gógó?

Oasis nìkan kọ́ ni. Ọdún 1994 ni ẹgbẹ́ Eagles ti Amẹ́ríkà ta tíkẹ́ẹ̀tì kọjá 100 dọ́là, tí ẹnu ya gbogbo ayé. Lọ́dún 2022, àwọn tíkẹ́ẹ̀tì Bruce Springsteen kan fò dé nǹkan bíi 5,000 dọ́là lójú ẹ̀rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Krueger, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì Princeton, ṣírò rẹ̀ pé láàrin ọdún 1996 sí 2003, owó tíkẹ́ẹ̀tì orin l'Amẹ́ríkà fi ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra, nígbà tí ọjà yòókù ò fi ju ìdá 17 lọ.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwo orin kú. Tẹ́lẹ̀, tí olórin bá ń rìn kiri, àwo rẹ̀ ló ń polówó. Ibi títa àwo ni owó gidi wà. Láti ọdún 1999 tí Napster ti dé, táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí orin gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwo orin ló wá ń polówó ìrìn-àjò báyìí. David Bowie ti rí i tẹ́lẹ̀ lọ́dún 2002, ó kìlọ̀ fáwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n múra sílẹ̀ láti máa rìn kiri, torí ohun kan ṣoṣo tó máa kù fún wọn nìyẹn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ àwọn òǹwòran ni wọ́n ní kó san owó bíríkì.

Ìdí kejì, ọwọ́ ìwọ̀nba ni ọjà náà wà. Lọ́dún 2010, Live Nation tó ń gbé eré kalẹ̀, tó sì tún ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn orin níkàáwọ́, dara pọ̀ mọ́ Ticketmaster tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ Pearl Jam ti fẹjọ́ Ticketmaster sun ìjọba Amẹ́ríkà láti ọdún 1994, kò sí ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ló gbé Live Nation lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń gbé ọjà náà mì lódidi.

Ìdí kẹta ni àwọn alárọ́bọ̀ ayé òde òní. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, wọ́n á wá tà á ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ohun táwọn agbátẹrù ń sọ ni pé bí alárọ́bọ̀ bá lè ta á ní 400, kí ló dé tí olórin fúnra ẹ̀ ò ní gba owó náà? Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání létí oníṣòwò. Àmọ́ fún ẹni tó ń rà á, ẹni yòówù kó já owó náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀, àpò rẹ̀ ló gbẹ.

Ìdí kẹrin kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni: ọmọ ogún ọdún tó wà ní Maine Road lọ́dún 1996 ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí. Ó ti níṣẹ́, ó ti nílé, ó sì lè san 355 láti fi ra ìgbà èwe rẹ̀ padà. Ọmọ ogún ọdún ti òde òní tó ń ta kọfí ní Piccadilly ni kò lè san án.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba pẹ̀lú. Nílé, bí olówó bá gbé Sunny Ade wá sóde, olóde ló ń sanwó, àlejò á jẹun, á jó, bó bá wù ú ló máa náwó fún olórin. Ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Wizkid, ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, kọrin ní pápá ìṣeré Tottenham Hotspur ní oṣù keje, ọdún 2023, orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà làwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ wa ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì. Bí orin Yorùbá ti ń wọ pápá ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Burnage ń di ọ̀rọ̀ Peckham.

Lẹ́yìn ọgbà

Ìrìn náà parí sí Heaton Park. Trámù tó ń lọ sí Bury máa ń dúró níbẹ̀. Ọgbà yìí ju 600 éékà lọ. Lọ́dún 1902 ni ìjọba ìlú Manchester rà á lọ́wọ́ ìjòyè kan, Earl of Wilton, kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú lè rí ibi tí wọ́n á ti mí èémí tútù. Póòpù John Paul Kejì ṣe ìsìn níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọdún 1982, ní ọdún kan náà tó wá sí Nàìjíríà. Ohun ìní ará ìlú ni, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń wọ ọ́ lọ́jọ́ tí kò bá sí ayẹyẹ.

Ní oṣù keje, ọdún 2025, alẹ́ márùn-ún ni Oasis fi kọrin níbẹ̀, èèyàn bíi 80,000 ló sì ń wọlé lálẹ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn ò wọlé. Òkè kékeré kan wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ náà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ṣọgbà yí eré ká. Láti orí rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ orin, wọ́n sì ń rí iná pèpéle lókèèrè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì gorí ẹ̀, tọmọdé tàgbà, wọ́n gbé ọtí dání, wọ́n ń kọrin pẹ̀lú àwọn tó wà nínú. Kò pẹ́ tí òkè ọ̀hún fi lórúkọ: Gallagher Hill. Lẹ́yìn náà ni kánsù lọ fi wáyà yí òkè náà ká. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yéé wá, ibi tí wáyà dúró sí làwọn náà dúró sí.

Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wọ́n ń jẹ òórùn ọbẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn tó wà lórí òkè gan-an ló jọ àwọn tí Oasis ń kọrin fún lọ́dún 1991.

Ta ló lè wá nǹkan ṣe sí i?

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò dákẹ́. CMA, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, wádìí Ticketmaster. Ní oṣù kẹta, ọdún 2025, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní wọ́n ta àwọn tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró kan lówó pọ́ọ́kú, nígbà tí ìyẹn tán ni wọ́n gbé ọ̀wọ́n síta, láìsọ fáwọn tó wà lórí ìlà. Wọ́n tún ní wọ́n ta àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n pè ní platinum ní iye tó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀, láìṣàlàyé tó pé kò sí ohun tó fi sàn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ticketmaster ṣèlérí pé bí iye méjì bá wà, òun á sọ ọ́ ní wákàtí 24 kí títà tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ìjọba kéde pé òun máa fòfin de títún tíkẹ́ẹ̀tì tà ju iye tí wọ́n rà á lọ.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alárọ́bọ̀ ni òfin yẹn máa bá wí. Iye tí olórin àti agbátẹrù bá kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀rẹ̀, kò sí òfin tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn olórin kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 2023, Robert Smith, olórí ẹgbẹ́ The Cure, kọ̀ kí tíkẹ́ẹ̀tì òun l'Amẹ́ríkà máa fò sókè bí èrò bá ṣe pọ̀ sí. Àwọn kan rí i rà ní 20 dọ́là. Nígbà tó gbọ́ pé owó iṣẹ́ tí Ticketmaster lé lórí ẹ̀ tún fẹ́ẹ̀ tó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó figbe ta, ilé-iṣẹ́ náà sì dá díẹ̀ padà fáwọn oníbàárà. Coldplay náà yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó eré wọn ní Hull àti Wembley lọ́dún 2025 fún àwọn ilé orin kéékèèké, irú Boardwalk ìgbà yẹn.

Àwọn wọ̀nyí ò tìtorí ẹ̀ di tálákà. Pápá wọn kún fọ́fọ́, àwọn ọ̀dọ́ wọlé, owó sì wọlé. Nítorí náà, bí olórin ńlá kan bá tún sọ pé òun ò mọ iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì òun, ìdáhùn àwọn ará Manchester ò le: kó béèrè.